Ohùn Kejì Nínú Ètò Ẹ̀fọn

"Dúró jẹ́ẹ́, ọmọbìnrin yìí! Mò ń ka ẹ̀yìn rẹ lọ́wọ́, o ń yí bí òkòtó!"

Kúyọ̀rọ̀ ló ń lọgun bẹ́ẹ̀. Kó tó pa ẹnu dé, ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ gbá Tinúadé lẹ́yìn, gbàà! bí ẹni tó ń pa eṣinṣin lára màlúù. Tinúadé fò sókè. Lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ tí Kúyọ̀rọ̀ gbá mọ́ ọn ti tàn yòò nísàlẹ̀ búlọ́ọ̀gì tó wà lẹ́yìn aṣọ rẹ̀.

"Kí lo kọ síbẹ̀?" Tinúadé ń yí ọrùn, ó ń yí èjìká, ṣùgbọ́n wọn ò tíì bí ẹni tó lè ka ẹ̀yìn ara rẹ̀.

"Ohun tí gbogbo ayé ń kọ náà ni. Mo ní, 'Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn yìí dára o, ìyá yẹn ńkọ́?'"

"Ìyá wo?"

"Ìyá wo kẹ̀? Ìyá tó máa ń dá ọ lóhùn nínú ètò pọ́díkáàsì rẹ! Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kì í lè wẹ ọmọ tí ìyá yẹn bá ti la ẹnu. Ọmọ á jókòó sínú ọṣẹ títí ara rẹ̀ á fi hunjọ bíi ti bàbá arúgbó."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tò sórí ìlà pẹ̀lú wọn rẹ́rìn-ín. Tinúadé kò rẹ́rìn-ín. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń gbá a, gbogbo ẹni tó gbá a, ìyá kan náà ló ń béèrè.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Yunifásítì Gbohùngbohùn nìyẹn. Aṣọ akẹ́kọ̀ọ́ dúdú níwájú bí ìdí ìkòkò, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Ohun tí èèyàn bá kọ sí búlọ́ọ̀gì rẹ̀ láàárọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò ti máa gun òkè díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín, ẹni tó bá sì tò sẹ́yìn rẹ̀ ni òǹkàwé rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ẹ̀ka ìtàn kọ ọ́ nígbà kan pé àwọn baba ńlá wa kò mọ ẹ̀gúsí sè. Wọ́n gbá a títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi wú bíi búrẹ́dì. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní kó yíjú sí ògiri kí òun fún un lábẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì ka ẹ̀yìn rẹ̀ tán, nọ́ọ̀sì náà gbá a.

Òní ni ọjọ́ ìgboyè. Oòrùn mú débi pé òjìji àwọn èèyàn gan-an ń wá ibòòji tí yóò sá sí. Ìlà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti yí ilé ìgbìmọ̀ po, orí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìdí rẹ̀ pàdé. Lókè ilé náà ni Etí-Ọba wà, etí irin kan tó fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù, tó ń mì pẹ́pẹ́ bí etí ewúrẹ́. Wọ́n ní bí èèrà bá wúkọ́ ní Ìlọrin, Etí-Ọba á kí i pé pẹ̀lẹ́. Wọ́n fín in sára ẹnu ọ̀nà pé, ẸNI TÍ A GBỌ́ DÓPIN LÓ MỌ̀WÉ. Kò sí ìdánwò, kò sí ìwé ìdáhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ á máa sọ ohun tó kọ́ sínú ètò rẹ̀, ará ìlú á máa gbọ́ ọ nínú ìlẹ̀kẹ̀ etí wọn, Etí-Ọba á sì máa ṣọ́ ẹni tó gbọ́ dópin, ẹni tó sùn, àti ẹni tó fi ètò náà sílẹ̀ tó lọ dín ẹyin.

Lójijì, Etí-Ọba yí, ó kọjú sí ìlà.

"Tinúadé Akínlàjà," ni ohùn kan wí láti òkè. "Ètò: Ẹ̀fọn Àti Àwa. Ohùn méjì. Oyè kan. Lọ rí Olùtọ́jú Ohùn."

"Yéè!" ni Kúyọ̀rọ̀ wí. "Tinú, o ti kó sí i!"

Ọdún márùn-ún ni Tinúadé ti fi ń ṣe ètò yìí. Ó ti wọ inú àbàtà tó mu ún dé àyà, ó ti jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ òun nítorí ìmọ̀ títí àwọn ẹ̀fọn fi ń wò ó bí ìbátan. Ó kúrò lórí ìlà, ó ń rìn, ó ń sáré, ó tún ń rìn.

Nídìí ẹ̀rọ omi ẹ̀bá ọ̀nà, Bàbá Lámídì dúró pẹ̀lú ike lọ́wọ́.

"Omi," ni bàbá náà wí.

Ẹ̀rọ dákẹ́.

"Omi o! Omi, mo bẹ̀ ọ́. Omi, ọmọ olóore, ọmọ atutù-má-pọ̀ńgbẹ!"

Ẹ̀rọ dákẹ́ bí ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ lánàá.

"Omi," ni Tinúadé wí, kò tilẹ̀ dúró dáadáa. Omi ya wàà.

"O ṣeun, ọmọ mi, o ṣeun." Bàbá Lámídì yára gbé ike sábẹ́ rẹ̀. "Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń retí ẹni tí yóò kọjá. Ọmọ àbúrò mi ní òun ni yóò máa bá mi pè é. Ó kúkú pè é fún ìgbà díẹ̀. Ó ti di ọ̀gá níbi tó wà báyìí, iṣẹ́ kò jẹ́ kó ráyè."

Kò sẹ́ni tí kò mọ ọ̀rọ̀ bàbá náà. Òun ló máa ń kọrin lẹ́yìn nígbà tí ọmọ àbúrò rẹ̀ ń ṣe ètò nípa ilẹ̀ tó ń ya. Nígbà tí Etí-Ọba béèrè ẹni tó ni ohùn kejì, ọmọ náà ní, "Ariwo ni." Ọmọ gboyè, Etí-Ọba sì ka ohùn bàbá sí ariwo. Láti ọjọ́ náà, kò sí ilẹ̀kùn, kò sí ọkọ̀, kò sí iná ilé kan tó gbọ́ ti Bàbá Lámídì mọ́. Tó bá fẹ́ wọ ilé ara rẹ̀, àfi kó kan ilẹ̀kùn aládùúgbò.

Tinúadé tún gbé eré.

Yàrá Olùtọ́jú Ohùn kún fún iná wẹ́wẹ́ láti ilẹ̀ dé àjà. Iná kọ̀ọ̀kan, olùgbọ́ kan. Dókítà Ajílẹ́yẹ ló ń tọ́jú ibẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tí ọmọ sùn sí lẹ́sẹ̀. Ẹni tó jókòó sórí àga dókítà gan-an, tó tẹ́ ìró sórí itan, tó ń bó ẹ̀pà, ni Màmá Àgbà, ìyá bàbá Tinúadé.

"Àníkẹ́!" ni Màmá Àgbà fi oríkì ké pe Tinúadé. "Ṣé o ti gboyè? Ọkọ̀ kan ló wá gbé mi, ó ń pè mí ní Ohùn Kejì. Mo dá a lóhùn pé bàbá tirẹ̀ ni ohùn kejì!"

"Màmá, ẹ rọra," ni Dókítà Ajílẹ́yẹ wí. "Yàrá yìí ń gbọ́."

"Kó máa gbọ́. Kí ló fẹ́ fi mí ṣe?"

Dókítà kọjú sí Tinúadé. "Kí ló dé tí ohùn méjì fi wà nínú ètò rẹ?"

Tinúadé wo ilẹ̀. Ó rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó gbé ẹ̀rọ síwájú ara rẹ̀ nínú yàrá òfìfo, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin olùgbọ́," ìtìjú sì bò ó. Ta ló ń kí? Láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún un pé ẹni tó bá ń dá sọ̀rọ̀, ọ̀nà ọjà ló ń lọ pẹ̀lú ìhòòhò. Màmá Àgbà yọjú láti ilé ìdáná pé, "Àníkẹ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn? Ta lò ń bá wí?" Bí ó ṣe gbọ́ pé iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni, ó fa àpótí, ó jókòó, ó ní, "Ọmọ mi kì í ṣe wèrè. Máa sọ ọ́, n ó máa dá ọ lóhùn." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ti ọdún márùn-ún.

"Mi ò lè dá sọ̀rọ̀, sà," ni Tinúadé wí.

Dókítà fi ìka kan ògiri. Ètò náà jáde.

"*Ẹ̀fọn a máa gbọ́ òórùn èémí wa láti òkèèrè,*" ni ohùn Tinúadé wí nínú ògiri. Iná wẹ́wẹ́ náà ń ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ń kùn.

"*Hẹ̀n!*" ni ohùn Màmá Àgbà gbà á. "*Kí wọ́n má kúkú gbọ́ ti ẹnu Jíbọ́lá aládùúgbò wa. Ẹ̀fọn tó bá gbọ́ òórùn yẹn, ẹ̀fọn á wá dókítà lọ!*"

Gbogbo iná tàn gbòò. Yàrá mọ́lẹ̀ débi pé Dókítà fi ọwọ́ bo ojú. Màmá Àgbà nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ẹ̀pà lu itan.

"Ìyẹn dùn o! Èmi ni mo sọ ọ́?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá. Ìṣòro ibẹ̀ nìyẹn. Etí-Ọba ní ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́." Dókítà sún mọ́ Tinúadé. "Ọ̀nà àbáyọ kan wà. Sọ ọ́ sínú ògiri pé ohùn kejì, ariwo ni. Etí-Ọba á yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ètò náà, oyè á sì di tìrẹ. Kó tó di pé oòrùn wọ̀."

"Ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?" ni Màmá Àgbà wí. "Sọ ọ́ kíá ká máa lọ ilé. Ṣebí ariwo ni mo ti ń pa láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi! Ìyá mi ní òwú ni agbẹ̀bí fi di etí lọ́jọ́ náà."

Tinúadé kò sọ ọ́. Ó rìn dé ojú fèrèsé, ó padà, ó tún rìn dé ibẹ̀.

"Sà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dán an wò. Ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀ ní tààrà, èmi nìkan. Tí wọ́n bá gbọ́ mi dópin, ṣé kò tó?"

Dókítà Ajílẹ́yẹ ronú. "Ó tó. Ṣùgbọ́n Màmá kò gbọdọ̀ fọhùn."

"Èmi?" ni Màmá Àgbà wí. "N ó dákẹ́ bí òkúta odò." Ó da gbogbo ẹ̀pà tó kù sẹ́nu, ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó.

Ògiri ṣí. Iná àwọn tó ń gbọ́ lọ́wọ́ tàn láti ìlú dé ìlú. Tinúadé gbọ́ ìmí ara rẹ̀.

"Ẹ̀yin olùgbọ́ wa," ló bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀fọn jẹ́ kòkòrò abìyẹ́ méjì, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà. Oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà káàkiri àgbáyé…"

Ó dúró. Kò mọ̀ pé òun dúró. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ti máa ń dá a lóhùn níbi tó dé yìí. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gùn tó ọ̀nà Sókótó. Iná kan kú. Òmíràn kú.

"…àwọn onímọ̀ sì ti pín wọn sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí…"

Ó tún dúró. Àwọn iná ń kú ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́ báyìí, bí ìgbà tí ìjì bá wọ ọjà alẹ́. Ẹnìkan ti ń han-run nínú ògiri. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá Àgbà ti wú bíi ti afunfèrè. Ojú rẹ̀ yọ, gèlè rẹ̀ ń gòkè fúnra rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó na ẹsẹ̀, ó ká a. Ó di àga mú.

"…ìsọ̀rí kìíní nínú wọn…"

"HẸ̀N!" Ẹ̀pà fọ́n ká gbogbo yàrá. "Kí ni ìsọ̀rí kìíní ṣe? Ta ló bímọ fún? Sọ̀rọ̀ kí ẹnu rẹ má wọ́, ọmọ yìí!"

Iná tàn gbòò. Ẹni tó ń han-run ta jí, ó ní, "Ìyá yẹn ti dé o!"

"Ohùn kejì ló ni ètò," ni Etí-Ọba wí láti òkè.

Màmá Àgbà fi ọwọ́ gbá ẹnu ara rẹ̀. "Àníkẹ́, má bínú. Ọ̀rọ̀ náà ló há mi lọ́nà ọ̀fun. Yáa pè mí ní ariwo kíá, kí n tó tún bà á jẹ́."

"Ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún, Màmá." Tinúadé kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Tí mo bá pè yín ní ariwo, ilẹ̀kùn yín kò ní gbọ́ yín mọ́. Ẹ̀rọ omi kò ní gbọ́. Tí ara yín kò bá yá, tí ẹ ké sí ilé ìwòsàn, wọn ò ní gbọ́. Bíi ti Bàbá Lámídì."

Màmá Àgbà dákẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni rí i kó dákẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára ìró, ó gbọ̀n ọ́n títí kò fi sí èèpo kankan níbẹ̀ mọ́, ó tún ń gbọ̀n ọ́n.

"Ilẹ̀kùn mi náà?"

"Ilẹ̀kùn yín náà."

"Sọ ọ́," ni ìyá náà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìwọ ni yóò máa bá mi ṣí i."

"Tí mi ò bá sí nílé ńkọ́?"

"N ó jókòó síta. Afẹ́fẹ́ dára."

"Tí òjò bá ń rọ̀ ńkọ́?"

"Àníkẹ́, ọdún márùn-ún! Ẹ̀fọn mu ẹ̀jẹ̀ rẹ tán! Ní tèmi, mo ti gbọ́ ohùn ara mi tó. Sọ ọ́!"

Dókítà Ajílẹ́yẹ ń wo ìta, ó ń wo oòrùn. "Wọ́n ń dúró dè wá," ló wí. "Ọ̀rọ̀ kan péré ni."

Tinúadé dìde. Òun yóò máa bá a ṣí ilẹ̀kùn, ó dá a lójú. Ṣùgbọ́n ó dá ọmọ àbúrò Bàbá Lámídì náà lójú lọ́jọ́ kan. Bóyá tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Tinúadé fẹ́ oyè náà débi pé ó ń ta á lẹ́nu bí atalẹ̀. Ó kọjú sí ògiri kó tó di pé ọkàn rẹ̀ tún yí padà.

"Ohùn kejì, èèyàn ni," ló wí. "Ìyá mi ni. Ẹ máa gbọ́ ọ."

Dókítà Ajílẹ́yẹ fi ọwọ́ lérí. Ògiri fọhùn láìjáfara.

"Oyè Ìmọ̀ Ẹ̀fọn, ó di ti Morẹ́nikẹ́ Akínlàjà, Ohùn Kejì. Ẹni tó gboyè lónìí, òní ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni. Tinúadé Akínlàjà, ètò rẹ kò ní olùgbọ́. Padà sí ọdún kìíní."

Níta, igbe ta. Kúyọ̀rọ̀ ló ń fò, tó ń ju fìlà: "Ìyá ti gboyè! Ìyá ti gboyè o!" Wọ́n gbé Màmá Àgbà sọ́rùn, ó ń ta ẹsẹ̀, ó ń bú wọn pé kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, inú àwọn èèyàn sì túbọ̀ ń dùn. Tinúadé dúró sẹ́yìn. Wọ́n bọ́ aṣọ ọdún márùn-ún lára rẹ̀, wọ́n fún un ní tuntun, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣókùnkùn, tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan. Ó wọ̀ ọ́. Omijé tó ti ń fi ipá dì mọ́ra já bọ́ sára bọ́tìnnì, ó nù ún pẹ̀lú ìbínú.

Ó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀ nígbà tó dé gbọ̀ngàn ọdún kìíní. Àwọn ọmọ tuntun kún ibẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́yìn láìnídìí. Lórí pèpéle, Màmá Àgbà dúró nínú agbádá olùkọ́ tó tóbi jù ú lọ débi pé ènìyàn mẹ́ta tún lè bá a gbé inú rẹ̀.

"O ti pẹ́," ni Màmá Àgbà wí.

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú wò ó.

"Màmá…"

"Olùkọ́ ni kí o pè mí. O ti pẹ́. Bọ́ síwájú níbí." Ìyá náà sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle, ó lọ jókòó sórí ìjókòó iwájú láàárín àwọn ọmọ. "Ẹ̀yin ọmọ, n kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀fọn ju pé ó ń jẹni. Ọmọ yìí ló mọ̀ ọ́n. Tinúadé, kọ́ wọn."

"Ẹ̀yin lẹ gboyè," ni Tinúadé wí. "Kí ló dé tí èmi yóò fi ṣe iṣẹ́ yín?"

"Torí pé olùkọ́ ló ní kí o ṣe é. Etí irin yẹn kò sọ bí èèyàn ṣe ń kọ́ni, ó ní kí n kọ́ni ni. Dìde sókè ibẹ̀. Mi ò sì ní dá ọ lóhùn lónìí. Mo ti búra."

Tinúadé gun pèpéle. Kò gbé ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́. Inú ń bí i sí Etí-Ọba, ó ń bí i sí Dókítà, ó ń bí i sí ìyá yìí tó tún fa ẹnu pọ̀ bí àpò tí wọ́n so lókùn. Ọ̀rọ̀ abìyẹ́ méjì, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, kò wá sí i lẹ́nu. Ó rí ọmọkùnrin kan tó ń họ apá.

"Má wulẹ̀ họ ọ́," ló jágbe mọ́ ọn. "Èyí tó jẹ ọ́ yẹn, abo ni. Ó lóyún. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ló fẹ́ fi tọ́ ẹyin inú rẹ̀."

Ó dúró, ó ń retí. Màmá Àgbà kò fọhùn. Ó di àga mú, ọrùn rẹ̀ le.

Láti ìdí gbọ̀ngàn lọ́hùn-ún, ọmọbìnrin kan tí Tinúadé kò rí rí na ọrùn sókè láàárín èrò.

"Ẹ dákun, akọ ńkọ́? Ṣé akọ kì í jẹni ni?"

Tinúadé yí padà pátápátá, ó kọjú sí i.

"Kì í jẹni," ló wí. "Jẹ́ kí n sọ ohun tí òun ń jẹ fún ọ."